Bí Ìtọ̀ Bá Ń Jò Lára Ajá Rẹ Tó Ti Dàgbà

Àbúrò mi, ajá tó ti dàgbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sínú ilé kò di aláìgbọràn, kò sì sí ẹni tó ran nǹkan sí i. Ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bí o bá gba èyí gbọ́ lónìí, ìbínú á kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, wàá sì ráyè wá ohun tó fà á. Ohun tó ń fà á pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní oògùn tàbí ìtọ́jú tí apá wa ká. Èyí tí kò ní oògùn pàápàá, omi, ọṣẹ àti aṣọ gbígbẹ tó láti fi gba ìyà kúrò lára ajá náà.

Mo mọ ìdí tí o fi ń sọ ọ́ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ní Uwasota níbí, ilé sún mọ́ra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Benin gba yàrá lọ́tùn-ún lósì, ògiri kan náà ni àwa àti aládùúgbò jọ ń fẹ̀yìn tì. Bí ìtọ̀ ajá bá gbẹ mọ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan, òórùn rẹ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí ìwọ tó gbọ́ ọ. Ojú á wá máa ti èèyàn. Ẹni tó ní ajá á so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé kí àlejò má bàa rí i, ọkọ á máa béèrè pé ìgbà wo ni a máa fún àwọn tó ń pa ajá jẹ, láńlọ́ọ̀dù á máa dápàárá tí kì í ṣe àpárá. Àwa obìnrin ni mọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ wa, nítorí náà orí wa ni gbogbo rẹ̀ ń já lé. Ṣùgbọ́n àwa tá a ti bímọ mọ bó ṣe ń rí, kéèyàn sín tàbí kó rẹ́rìn-ín, kí ìtọ̀ díẹ̀ já sí i lára. Kò sẹ́ni tó nà wá nítorí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ ajá máa ń tẹrí ba, wọ́n á máa lá ibi tó tutù náà kí o tó dé. Àwọn àgbà ní òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ajá tó ti ń ṣọ́ ilé rẹ láti ìgbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré, àsìkò tirẹ̀ láti mu ọmú ló dé yìí.

Ajá ńlá bí Alsatian, Rottweiler àti Boerboel ń di àgbà láti nǹkan bí ọdún 7 tàbí 8. Àwọn kékeré bí Lhasa lè tó ọdún 10 tàbí 11 kí ogbó tó fara hàn lára wọn. Ekuke wa, ajá ìbílẹ̀, wà láàárín. Láti ìgbà náà lọ, máa fi ọwọ́ kan ibi tó sùn sí láràárọ̀. Ọwọ́ á mọ̀ kí imú tó mọ̀.

Kí o tó ná kọ́bọ̀ kan, wá ìwé kékeré kan kí o máa kọ ohun tí o bá rí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé yẹn máa ṣe dókítà lóore ju ìtàn ẹnu lọ.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá ó mọ̀ pé òun ń tọ̀. Bó bá sùn tó dìde, tí ibi tó sùn sí tutù rinrin, tí ìyàlẹ́nu sì bá òun fúnra rẹ̀, ẹnu àpò ìtọ̀ rẹ̀ ló ti ń rọ̀, tàbí kí àpò náà máa kún jù. Bó bá dìde, tó lóṣòó, tó sì tọ̀ sí àárín pálọ̀ níṣojú rẹ, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ó lè jẹ́ pé àrùn ti wọ àpò ìtọ̀ tí ìtọ̀ fi ń gbóná tó sì ń yọ ọ́ lẹ́nu ní gbogbo ìgbà. Ó lè jẹ́ pé oríkèé ń ro ó tí kò lè yára dé ẹnu ọ̀nà. Ọpọlọ náà sì lè ti máa gbàgbé. Ajá tó ń gbàgbé a máa rìn kiri lóru, a máa dúró ní kọ̀rọ̀ kó máa wo ògiri, a sì máa jáde síta kó tún wọlé wá tọ̀. Jẹ́ kí iná sólà kékeré kan máa tàn nítòsí irú wọn lálẹ́, kí o má sì yí ibi tí abọ́ àti ibùsùn wọn wà padà.

Lẹ́yìn náà, wọn omi tó ń mu. Àwa ní ìwọ̀n tó rọrùn: píọ́ wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà. Ka iye tí o tú sínú abọ́ rẹ̀ láàárọ̀, yọ èyí tó ṣẹ́kù lálẹ́ kúrò, má sì jẹ́ kí adìẹ tàbí ajá mìíràn bá a mu níbẹ̀. Ajá tí ara rẹ̀ dá kì í sábà mu ju nǹkan bí 60 mílílítà lọ lójúmọ́ fún kílò kan ìwọ̀n ara rẹ̀. Bó bá ń kọjá 100, ohun kan ń ṣe é. Ajá tó wọn kílò 20, píọ́ wọ́tà méjì sí mẹ́ta yẹ kó tó o. Bó bá ń mu ju mẹ́rin lọ lójoojúmọ́, tí kì í sì í ṣe oòrùn oṣù kẹta ló fà á, àtọ̀gbẹ wà nínú ohun tí dókítà máa yẹ̀ wò, kíndìnrín tó ti ń rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ bákan náà bóyá ó ń lo oògùn kankan. Prednisolone tí wọ́n ń fún ajá tí ara ń yún, àti Lasix tí wọ́n ń fún èyí tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, méjèèjì ló ń mú kí ìtọ̀ pọ̀. Oúnjẹ náà ń kọ́? Àjẹkù ọbẹ̀ tó kún fún Maggi àti iyọ̀ ń mú òùngbẹ wá, àlùbọ́sà inú rẹ̀ sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Se tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ibi tí ìwé òyìnbó kò ti fi bẹ́ẹ̀ bá tiwa mu nìyí, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ abo ajá ni wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn. Nítorí náà, bí o bá ka nǹkan lórí ìtọ̀ tó ń jò, abo ajá tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Omi ara tó ń mú kí ẹnu àpò ìtọ̀ dì dáadáa ti dín kù lára irú wọn, ó sì máa ń jò bí wọ́n bá sùn. Bí tìrẹ bá jẹ́ irú bẹ́ẹ̀, fọkàn balẹ̀, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ wà fún un, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń gbẹ pátápátá. Ṣùgbọ́n ládùúgbò wa, ọ̀pọ̀ abo ni a kò fọwọ́ kan ilé ọmọ wọn rí, ọ̀pọ̀ akọ ni a kò sì tẹ̀ lọ́dàá. Ibòmíràn ló yẹ kí àwa kọ́kọ́ wò.

Bí abo ajá àgbà bá wá akọ ní oṣù kan tàbí méjì sẹ́yìn, tó wá ń mu omi ṣáá, tí kò fẹ́ jẹun, tí nǹkan kan tó ń rùn sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀, ìtọ̀ kọ́ nìyẹn. Ilé ọmọ rẹ̀ lè ti máa kó ọyún. Nígbà mìíràn, nǹkan kan kì í jáde rárá, ikùn kàn ń wú ni, èyí ló sì léwu jù. Má fi èyí sùn mọ́jú. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń gba ẹ̀mí irú ajá bẹ́ẹ̀ là, wákàtí sì ṣe pàtàkì.

Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń kán díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ akọ tàbí abo, tí ó ń lá ibẹ̀ láìdákẹ́, wò ó bóyá kókó kan wà níbẹ̀ tó rí gbágungbàgun. Jẹjẹrẹ kan wà tí ajá ń kó lára ajá mìíràn nígbà tí wọ́n bá gun ara wọn. Ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ajá tó ń rìn ìgboro ní Nàìjíríà. Má jẹ́ kí orúkọ jẹjẹrẹ dẹ́rù bà ọ́, nítorí abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní vincristine, tí dókítà ń gún ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, máa ń pa á run lára ọ̀pọ̀ wọn, àgbà ajá pàápàá.

Akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá, ẹṣẹ́ prostate rẹ̀ a máa wú bó ṣe ń dàgbà. Á máa tọ̀ tínńtín, ìgbẹ́ á máa jáde ní pẹlẹbẹ tàbí kí ó máa tiraka kó tó yà á. Ìtẹ̀lọ́dàá ló ń mú un rọlẹ̀.

Eégbọn náà wà ńbẹ̀. Bí ìtọ̀ ajá rẹ bá pupa tàbí tó dúdú bí Coke, tí ìgbóná wà lára rẹ̀, tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ sì funfun, ibà tí eégbọn ń kó bá ajá ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Kòkòrò rẹ̀ ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú ara, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà ló ń bá ìtọ̀ jáde. Àgbà ajá kì í pẹ́ lórí rẹ̀ kó tó ṣubú, nítorí náà ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o gbé e lọ.

Fún àwọn tó ní Alsatian, ẹ máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àrùn ọ̀pá ẹ̀yìn kan wà tó fẹ́ràn irú wọn. Kì í ro wọ́n, wọ́n á kàn máa fi èékánná wọ́ ilẹ̀, ẹsẹ̀ á máa lọ́ mọ́ra, tó bá yá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ á máa bọ́ láìmọ̀. Kò ní ìwòsàn, ìtọ́jú ilé ló kù. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ṣàdédé rọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe èyí, pàjáwìrì ni. Pàjáwìrì náà ni kí ajá máa lóṣòó kó máa tiraka kí ìtọ̀ má jáde rárá, nítorí òkúta lè ti dí ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ dókítà wá kàn. Yunifásítì Benin ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni sì wà káàkiri ìlú. Bí o bá wà nílẹ̀ Yorùbá, ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB ní Abẹ́òkúta wà. Ibi yòówù kó jẹ́, béèrè bóyá dókítà náà ní ìwé ẹ̀rí Veterinary Council of Nigeria. Ẹni tó ń ta oògùn ajá ní ọjà Uselu lè jẹ́ èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló máa sọ fún ọ ohun tó wà nínú ìtọ̀.

Mú ìtọ̀ àkọ́kọ́ òwúrọ̀ lọ. Wá àwo pẹrẹsẹ tó mọ́, tàbí ìgbákọ ọlọ́wọ́ gígùn, rìn lẹ́yìn ajá náà pẹ̀lẹ́, kí o sì tì í sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ìtọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Dà á sínú ìgò kékeré tí o ti fi omi gbígbóná ṣàn tó sì ti gbẹ, kó dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín wákàtí mélòó kan. Bí o bá lè fi fóònù ya fídíò bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń tọ̀, ìyẹn náà dára púpọ̀, torí ajá máa ń ṣe akin bó bá dé iwájú dókítà. Àyẹ̀wò ìtọ̀ lásán lè fi hàn bóyá ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, tàbí bóyá àrùn ti wọlé. Tanímọ̀la, ajá tèmi tó jẹ́ àdàlù Alsatian àti ekuke, àrùn inú àpò ìtọ̀ àti oríkèé ríro ni wọ́n bá lára rẹ̀ pọ̀. Oògùn àrùn náà parí, pálọ̀ sì gbẹ ju ìdajì lọ. Ìyókù ni à ń fi ọwọ́ ṣe.

Má fún un ní ibuprofen, má fún un ní diclofenac, àní paracetamol tó wà nínú àpò rẹ, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe ọ́ bó ṣe ń tiro. Ibuprofen lè dá egbò sí inú ajá kó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Dókítà ní èyí tó bá ara ajá mu.

Ohun tí n kò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ ni pé o ti ń fi omi dù ú kó má bàa tọ̀. Má ṣe é, àbúrò mi. Ajá tí kíndìnrín rẹ̀ tàbí ṣúgà ń yọ lẹ́nu lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí a bá gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, ìtọ̀ tó bá sì ki jù a máa jó awọ ara sí i. Àkókò ìjáde ni kí o tún ṣe. Mú un jáde bí ilẹ̀ bá ṣe mọ́, lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, bó bá ṣe jí lójú oorun, àti kẹ́yìn kí ẹ tó tilẹ̀kùn lálẹ́. Láàárín èyí, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta dára bí ẹnikẹ́ni bá wà nílé. Fún un lóúnjẹ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ìgbẹ́ náà á wá ní àkókò tirẹ̀. Tètè fún un ní ti alẹ́.

Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò bá lágbára, mú ọ̀já tí o fi pọn àwọn ọmọ. Gbà á lábẹ́ ikùn rẹ̀, sún mọ́ iwájú itan, di etí méjèèjì mú lókè ẹ̀yìn rẹ̀, kí o sì gbé e díẹ̀ bó ṣe ń rìn. Fún akọ, rọra fà á síwájú tàbí sẹ́yìn kó má dí ibi tí ìtọ̀ ń gbà. Ọ̀já gbẹ̀dẹ̀, kò ní dá egbò sí i bíi okùn. Ilẹ̀ onítáìlì wa wọ̀nyí ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, wọn a sì máa bẹ̀rù láti dìde, ìbẹ̀rù yẹn nìkan tó láti mú kí wọ́n tọ̀ síbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Tẹ́ àjákù rọ́ọ̀gì láti ibùsùn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Gé èékánná rẹ̀. Bó bá sanra jù, dín ẹ̀bà kù.

Nípa ibùsùn, o ṣì rántí mackintosh tí wọ́n kọ sínú ìwé ohun tí a máa rà nígbà tí a fẹ́ bímọ? Òun gan-an ni. Ní àyíká UBTH, ilé ìwòsàn ńlá tó ti wà ládùúgbò wa láti 1973, kì í ṣòro rí nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ohun èlò aláìsàn. Fi we fóòmù tí kò ga, tẹ́ aṣọ òkìríkà tó ń fa omi sórí rẹ̀, tàbí underpad tí wọ́n ń tẹ́ fún aláìsàn. Gbé e kúrò lórí sìmẹ́ǹtì, pàápàá nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, torí òtútù ilẹ̀ ń mú kí oríkèé le. Ní aṣọ ìtẹ́bùsùn tó pọ̀ tó láti pààrọ̀. Òjò Benin kì í gba ìmọ̀ràn, ó lè rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí aṣọ má gbẹ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí kì í ṣe ti òórùn nìkan. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní tumbu. Iyanrìn àti aṣọ tútù tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ti kàn ló fẹ́ràn láti yé ẹyin sí. Ẹyin náà á pa láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìdin á sì gún awọ ajá, tàbí tìrẹ, wọlé, á máa wú bí eéwo. Àgbà ajá tí kò lè yí ara padà, tí ìdí rẹ̀ tutù, òun ni wọ́n ń wá. Nítorí náà, má ṣe sá aṣọ rẹ̀ sórí koríko tàbí sórí ilẹ̀. Sá a sórí okùn nínú oòrùn gangan, bí kò bá sì sí oòrùn, lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tó gbóná dáadáa kí o tó tẹ́ ẹ fún un. Eṣinṣin lásán náà kò ṣeé fojú kéré. Bí irun ìdí ajá bá dọ̀tí mọ́ra, ìdin lè wà níbẹ̀ kí ọjọ́ tó yí po. Ṣí ìrù rẹ̀ wò láàárọ̀ àti lálẹ́.

Gé irun tó wà nídìí àti láàárín itan rẹ̀ kúrú. Bó bá ti tọ̀ sára, fi omi tó lọ́ wọ́rọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ tí kò le fọ̀ ọ́, ṣàn án dáadáa, fi tówẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ gbẹ, má ha á. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, fi Vaseline fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa ibi tí ìtọ̀ ń kàn, kó má bàa jó o. Ìpara tí a ń pa fún ọmọ tí pámpáàsì ti họ nídìí kọ́ o. Zinc wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ajá á lá a, zinc sì jẹ́ májèlé fún un.

Pámpáàsì náà ṣeé lò fún ajá. Ti ọmọdé bá àwọn kékeré mu, ti àgbàlagbà bá àwọn ńlá. Gé ihò fún ìrù, fi téèpù di etí ihò náà kí òwú má tú jáde. Akọ kò nílò ju ìgbànú aṣọ kan tó yí ikùn rẹ̀ ká, pẹ̀lú páàdì nínú. Ṣùgbọ́n má fi pámpáàsì sílẹ̀ lára rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àlejò dé, tàbí o fẹ́ lọ ra nǹkan, ó tọ́. Bó bá ti tutù, bọ́ ọ. Jẹ́ kí awọ rẹ̀ rí atẹ́gùn. Àwọn tó ń fi pámpáàsì kan náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ń fi àìsàn mìíràn kún ti tẹ́lẹ̀ ni.

Ilẹ̀ nílé ń kọ́? Fa ìtọ̀ náà gbẹ ná, kí o tó da ohunkóhun sí i. Fi omi àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà kí o fi fínígà tí o ti fi omi là nù ún. Fún fóòmù àti rọ́ọ̀gì, ọṣẹ ìfọṣọ tó ní enzyme nínú, bí Ariel, ló ń tú òórùn ìtọ̀ gan-an, bí o bá jẹ́ kó dúró díẹ̀ kí o tó ṣàn án. Má da JIK sórí ìtọ̀ tútù, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń gún ni láyà. JIK àti fínígà kò gbọdọ̀ pàdé rárá. Izal tí a fẹ́ràn púpọ̀ nílẹ̀ wa, fi í sí ilé ìyàgbẹ́ rẹ. Ajá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, ó ń lá a, ó sì lè ṣe é ní jàǹbá.

Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Kòkòrò leptospira, tí eku ń gbé kiri, lè wà nínú ìtọ̀ ajá, a sì máa gba ojú egbò wọ ara ènìyàn. Bí oyún bá wà nínú rẹ, jẹ́ kí ẹlòmíràn nínú ilé máa bá ọ nu ilẹ̀. Kí àgbà ajá rẹ sì máa gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún, nítorí ogbó kò ní kí ajá má kó o. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ní Vom, nítòsí Jos, tó ti wà láti 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ náà níbí ní Nàìjíríà.

Nípa ti àwọn ará ilé, sọ òótọ́ fún wọn kí òórùn tó sọ ọ́. Mo sọ fún àwọn tí a jọ wà ní kọ́mpáǹdì pé Tanímọ̀la ti dàgbà, ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀, a ń tọ́jú rẹ̀, bí wọ́n bá gbọ́ òórùn kí wọ́n ké sí mi. Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Edo ní ilé kejì gbé ògbólógbòó ìró mẹ́ta wá fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọkọ ẹni náà, pín iṣẹ́ fún un. Ẹni tó bá ń gbé ajá jáde láàárọ̀ fúnra rẹ̀ kì í yára sọ pé kí wọ́n tà á. Àwọn ọmọ lè máa kọ omi píọ́ wọ́tà sílẹ̀ sínú ìwé.

Ó kù ọ̀kan tó le. Ọjọ́ kan lè dé tí kò ní jẹun mọ́, tí kò ní lè dìde, tí egbò á bo ara rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò ní tàn mọ́ bí o bá wọlé. Bí ìnira bá ti ju ìtura lọ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, bá dókítà sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ń mú un sùn lọ láìjẹ̀rora, wọ́n á sì jẹ́ kí o di orí rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, gbẹ́ ilẹ̀ tó jìn tó mítà kan kí o sin ín. Má fà á lé ẹni tó fẹ́ pa á tà. Yàtọ̀ sí pé ó dalẹ̀ ọ̀rẹ́, oògùn tó ti wọ ara ajá aláìsàn kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi jẹun.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ kò tíì dé ibẹ̀ rárá. Ajá wọn ṣì ń jẹun, ó ṣì ń ju ìrù, ìtọ̀ nìkan ló ń jò. Bí tìrẹ náà bá rí bẹ́ẹ̀, wọn omi rẹ̀ láti ọ̀la lọ, gba ìtọ̀ òwúrọ̀ rẹ̀ sínú ìgò, kí o sì mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.